Àwàdà Láàrin Ìyá Àgbà àti Ọmọ-ọmọ Rẹ̀

Bí àlejò tí kò mọ àṣà Yorùbá bá wọ agbo ilé kan ní ìrọ̀lẹ́, tí ó bá ìyá àgbà kan lórí ẹní pẹ̀lú ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún, ohun tí etí rẹ̀ yóò gbọ́ lè yà á lẹ́nu. Ìyá àgbà fajú ro, ó ń fi ẹjọ́ ọmọ náà sun ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nílé ọkọ òun yìí, kò fún òun ní owó ọbẹ̀ rí, kò ra aṣọ fún òun rí, iṣu sísun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n jẹ. Ọmọ náà, tí iṣu ṣì kún ẹnu rẹ̀, a fèsì pé, "Ẹ̀yin náà kò tíì se ọbẹ̀ fún mi lónìí. Bí ẹ bá sè é, n óò fún yín lówó." Ìyá àgbà a figbe ta pé ọkọ òun fẹ́ kọ òun sílẹ̀, àwọn obìnrin ilé a sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí bàbá ọmọ náà bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìṣẹ́jú yẹn, ọmọ kan náà yóò dìde, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò kí bàbá rẹ̀ kú àbọ̀, kò sì ní í sọ gbólóhùn kan tí ó jọ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán.

Ìyá àgbà dàgbà ju bàbá lọ; òun ni ó bí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ni a fi ń díwọ̀n ọ̀wọ̀, ìyá àgbà ni ó yẹ kí ọmọ bẹ̀rù jù nínú ilé. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé ẹni tí ó dàgbà jù ni ẹni tí ó kéré jù lè bá dá àpárá? Ìbéèrè yìí tó ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń fi ojú sùnnùkùn wò. Ọ̀pọ̀ ni ó ń rí eré náà tí wọ́n ń pè é ní àkẹ́jù, láìmọ̀ pé òfin wà nínú rẹ̀, àti pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ kì í rí kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, èyí ni bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, tí a kò sì ní í rí àgbà fín.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìyá tí ó bí bàbá ni ó sábà máa ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní "ọkọ mi". Àwàdà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà tí kò nídìí. Nílé Yorùbá, obìnrin tí a gbé wá sí agbo ilé kan kì í ṣe ìyàwó ẹni tí ó fẹ́ ẹ nìkan. Ìyàwó gbogbo ilé ni. Gbogbo ọmọ tí ó bá nínú ilé náà ni ó ń pè ní ọkọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kò sì ní í pè wọ́n ní orúkọ àbísọ wọn. Orúkọ ìnagijẹ ni yóò fún wọn: ẹni tí eyín rẹ̀ funfun a di Eyínfúnjowó, ẹni tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ a di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí ó lẹ́wà a di Awẹ́lẹ́wà. Ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà ń gbé jó kò ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Ó lè jẹ́ ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni a bí i. Síbẹ̀, ọmọ ilé ni ọmọ náà í ṣe, ìyá àgbà náà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó nílé ọkọ, obìnrin ilé ni. Nígbà tí ó bá wá pe ọmọ ọwọ́ ní ọkọ òun, òtítọ́ kan nínú ètò ẹbí ni ó ń fi ẹ̀rín sọ. Kí ọmọ náà tó mọ eéjì lé ẹẹ́ta, yóò ti mọ̀ pé òun jẹ́ ẹnì kan nínú ilé yìí, àti pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ òun ní ọ̀wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń san án.

Ti ọmọbìnrin tún gba ọ̀nà mìíràn. Bàbá àgbà a máa pè é ní "ìyàwó mi", èyí ni ó mú kí ìyá àgbà máa pè é ní "orogún mi". Ìjà orogún a wá bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Wọ́n ń du ẹni tí yóò gbé omi ìwẹ̀ lọ fún bàbá; wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn jù. Ìyá àgbà a ní òun yóò kó ẹrù òun jáde bí ìyàwó kékeré yìí kò bá yé fojú di òun, ọmọ náà a sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn dì í. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ orogún ti máa ń korò tó nílé olóbìnrin púpọ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni wọ́n ń fi ṣeré yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó lè da ilé rú ni ìyá àgbà sọ di eré ọmọdé, bóyá nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ìyá tí ó bí ìyá, ní tirẹ̀, kì í sábà gbé inú agbo ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ. Àlejò tí a ń kẹ́ ni ọmọ-ọmọ jẹ́ fún un, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀bùn ni ó pọ̀ nínú àwàdà tirẹ̀ ju ìjà lọ.

Kí ni ó dé tí bàbá àti ìyá kò fi lè ṣe irú eré yìí? Ojú lásán ni òbí Yorùbá fi ń bá ọmọ wí. Àlejò ń jẹun, ọmọ ń wo ọwọ́ rẹ̀, ìyá ọmọ kò sọ nǹkan kan, ó kàn wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa yóò dìde kúrò níbẹ̀. Bí ojú bá fẹ́ ṣiṣẹ́ báyìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú tí ọmọ máa ń rí ẹ̀rín nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Òbí ni ayé yóò dá lẹ́bi bí ọmọ bá yàjẹ́, òbí ni ó sì gbọdọ̀ pa àlà mọ́. Ìyá àgbà ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó ti na àwọn ọmọ tirẹ̀ nígbà tí ó yẹ, ó ti rí èyí tí nínà náà ṣe láǹfààní àti èyí tí kò ṣe nǹkan fún. Ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, A. R. Radcliffe-Brown, kọ àròkọ kan jáde ní ọdún 1940 lórí àwàdà láàrin ìbátan. Ó ṣàkíyèsí níbẹ̀ pé níbi tí àṣẹ àti ọ̀wọ̀ bá ti wà láàrin òbí àti ọmọ, ìfararora àti ẹ̀fẹ̀ ni ó sábà máa ń wà láàrin òbí àgbà àti ọmọ-ọmọ, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí ìyá àgbà Yorùbá kan tí ó ní láti dúró de àròkọ náà kí ó tó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọkọ, ṣùgbọ́n ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ohun tí ó ń rí nílé rẹ̀ wà nílé ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Eré náà kì í dúró de ìgbà tí ọmọ bá mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìdí ìwẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń wá wẹ ọmọ tuntun. Ìyá àgbà a jókòó sórí àpótí, a na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a tẹ́ ọmọ sórí wọn. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, kànrìnkàn wà níbẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú ọpọ́n. Yóò wẹ̀ ẹ́, yóò na apá àti itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò fi òrí tàbí àdí pa á lára. Ní gbogbo àkókò yìí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ta ni ó bá jà ní ọ̀run tí ó fi ń di ẹ̀ṣẹ́ báyìí. Ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu imú rẹ̀, ó ní imú bàbá rẹ̀ ni ó jí gbé. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ sunkún ni yóò bá a sọ̀rọ̀ oríkì. Oríkì àbísọ ni ti àkọ́kọ́: Àjàní, Àkànní, Àlàó tàbí Àyìnlá fún ọkùnrin, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́ tàbí Àdùkẹ́ fún obìnrin. Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ti parí orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí: ẹni tí a ṣà láti kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ láti kẹ́, ẹni tí a jọ kẹ́, ẹni tí a ń dù láti kẹ́. Láti orí oríkì àbísọ ni yóò ti bọ́ sórí oríkì orílẹ̀, tí yóò máa to orúkọ àwọn baba ńlá lé ara wọn fún ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn ró.

Àwọn obìnrin tí a gbé wá sínú ilé ni ó sábà mọ oríkì ilé náà jù, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti máa fi yin ọkọ àti ọmọ ọkọ. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun láti ṣe ìwádìí, fi èyí hàn kedere nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 lórí oríkì, obìnrin àti ohun àtijọ́ ní ìlú náà. Ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣì ń kọ́ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá àgbà ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun tí kò dára nínú ìwẹ̀ náà kò yẹ kí á fi aṣọ bò. Àwọn ìyá àgbà kan a máa ju ọmọ sókè kí ó má baà di ojo, wọ́n a sì máa rọ ọmọ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ mímu, tí wọ́n yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife, tí wọ́n yóò di imú ọmọ mú kí ó lè gbé e mì. Ohun tí a fi ipá dà sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun lè gba ibi èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa ọmọ. Gbígbọ̀n ọmọ jìgìjìgì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí ọmọ mu ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìyá àgbà tí ó bá fi rírọ̀ àti jíjù sílẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan nínú eré rẹ̀. Ẹnu ni eré náà wà.

Bí ọmọ bá ti tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, òru ni ó di ti ìyá àgbà. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìjàkadì ọ̀rọ̀ ni àlọ́ àpamọ̀ í ṣe, ìyá àgbà a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ kan láti ẹnu rẹ̀ lánàá yóò fi èyí kan náà pa á lálẹ́ òní; ìyá àgbà a dijú, a fọwọ́ lẹ́rán, a dáhùn òdì lẹ́ẹ̀mẹta, a ní ọpọlọ òun ti gbó, kí ọmọ ó ṣàánú òun. Ayọ̀ ọmọ náà kì í lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó gbé ìbéèrè kalẹ̀, ó dúró de ìdáhùn, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe yẹn, àgbàlagbà ni ó sì fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ibòmíràn nínú ilé tí a ti ń fún ọmọdé ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àlọ́ àpagbè ní tirẹ̀ a máa gùn, orin a sì máa wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbè kí oorun má baà gbé wọn lọ. Ìyá àgbà kì í sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú ìwé. Bí ọmọ kan bá jí ẹran jẹ nínú ìkòkò lọ́sàn-án, Ìjàpá yóò jí ẹran jẹ lálẹ́, nínú irú ìkòkò kan náà, yóò sì pa irú irọ́ tí ọmọ náà pa. Àwọn yòókù a máa wo ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, òun náà a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ̀. A kò dárúkọ rẹ̀, a kò nà án, ó sì ti gbọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti fi pàṣán bá a wí lọ́sàn-án, ìyà ni yóò rántí. Èyí tí ó gbọ́ lálẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni yóò rántí, nítorí pé ó rí i lára ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ń ṣe ohun tí èkejì kò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó kù, òun sì ni àwọn tí ó ń pe eré yìí ní àkẹ́jù kì í sábà rí. Yorùbá ya àwàdà sọ́tọ̀ kúrò lára yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ya méjèèjì kúrò lára èébú. Ọmọ-ọmọ lè sọ pé eyín ìyá àgbà lọ sí oko kò bọ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwájú àlejò. Ó lè ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, òun yóò lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó lè bá a jiyàn láti àárọ̀ di alẹ́. Kò gbọdọ̀ fi "ìwọ" dípò "ẹ̀yin". Ní apá kan ilẹ̀ Èkìtì àti Oǹdó, níbi tí ẹ̀ka èdè kò fi bẹ́ẹ̀ ya ọ̀rọ̀ àgbà sọ́tọ̀ báyìí, ìkúnlẹ̀ àti ohùn ni a fi ń mọ ibi tí ọmọ dé dúró. Àárọ̀ kò sì ní í mọ́ kí àwàdà ṣáájú ìkíni. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀, ìyá àgbà yóò dáhùn, yóò súre; lẹ́yìn èyí ni "ọkọ" lè béèrè pé níbo ni oúnjẹ òun wà. Ìyá àgbà kan náà ni ó ń sọ ìgbà tí eré parí, kì í sì í sábà sọ ọ́ ní tààrà. Bí ó bá ti fi "ọkọ mi" sílẹ̀, tí ó pe ọmọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó balẹ̀, ọmọ tí ó ní làákàyè yóò gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ọmọ tí ó sá di aṣọ ìyá àgbà mú kì í sì í jẹ pàṣán ní ojú ẹsẹ̀. Bàbá tí ó bá nà án níbẹ̀, bí ẹni pé ó na ìyá tirẹ̀ ni. Èyí ni àwọn olùkọ́ máa ń tọ́ka sí jù. Ohun tí wọn kì í rí ni èyí tí ó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìbínú bàbá bá rọ̀, ìyá àgbà yóò mú ọmọ náà wọ inú yàrá, yóò béèrè ohun tí ó ṣe ní ti gidi, yóò sì rán òun fúnra rẹ̀ lọ bẹ bàbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò kọ́ bí a ti ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń nà wọ́n. Ẹni tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ ni ó kọ́ wọn.

A kò sọ pé kò sí ìyá àgbà tí ó ń ba ọmọ jẹ́. Ó wà. Ìyá àgbà tí ó ń fi ẹjẹ́ ọmọ pa mọ́ fún bàbá rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tàbí tí ó ń fi ọmọ-ọmọ jà pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti kúrò nínú àwàdà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "ọmọ ìyá àgbà", tí wọ́n fi ń bú ọmọ tí ó rọ ọwọ́, kò bá ìtàn mu. Láyé àtijọ́, nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni a sábà máa ń gbé e lọ, kí ó lè gbàgbé ọmú. Ọ̀pọ̀ ni ó sì dàgbà síbẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbálẹ̀, a máa pọnmi, a máa fi ẹ̀kọ kiri kí oòrùn tó mú, nítorí pé ìyá àgbà ti darúgbó, ẹsẹ̀ ọmọ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwàdà ni ó fi ń sọ iṣẹ́ náà di fífúyẹ́: "ọkọ" tí ó lọ pọnmi kì í ṣe ìránṣẹ́, baálé ilé tí ó ń tọ́jú aya rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú yìí ni ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gáńbíà tan ìmọ́lẹ̀ sí. Rebecca Sear, Ruth Mace àti Ian McGregor yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wò, èyí tí a kó jọ ní ìgbèríko ibẹ̀ láàrin ọdún 1950 àti 1974, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ìyá ìyá wọn wà láàyè jẹunre kánú ju àwọn tí tiwọn ti kú lọ, wọ́n sì yè jù wọ́n lọ, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ń kúrò lẹ́nu ọmú. Wọn kò rí irú ipa kan náà láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá. Ilẹ̀ Gáńbíà kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ètò ẹbí wọn kò sì rí bákan náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń wo ìyá àgbà bí ẹni tí ó kàn ń fi ẹ̀fẹ̀ pa àkókò lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ń dá àpárá yẹn ń bọ́ni pẹ̀lú.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ dín àkókò àwọn méjèèjì kù. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti ń lo ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dọ̀ tíṣà. Òru ṣì wà fún àlọ́ nígbà náà. Rédíò dé, tẹlifíṣọ̀n dé sí Ìbàdàn ní ọdún 1959, iṣẹ́ ìjọba gbé àwọn òbí lọ sí ìlú mìíràn. Gbogbo èyí ni àwàdà náà fara dà, nítorí pé nígbà ìsinmi ọmọ yóò padà wá bá "aya" rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé.

Ohun tí kò lè fara dà ni kí èdè má pa àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́. Àwàdà ni ó máa ń ṣáájú ohun gbogbo kú láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà láti lọ wẹ ọmọ-ọmọ wọn, oṣù mẹ́fà ni òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà wọn sì sábà máa ń fún wọn. Ọmọ ọwọ́ kò ní ìṣòro. Oríkì ni oríkì létí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti tó ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bá a sọ, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá àgbà gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń pàṣẹ lọ: wá, jẹun, má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pe ọmọ náà ní ọkọ òun, ẹlòmíràn ní láti túmọ̀ rẹ̀, bí a bá sì ti túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ tán, ẹ̀rín kì í sí nínú rẹ̀ mọ́. Báyìí ni ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ fi di olùtọ́jú tí ó kàn ń kígbe mọ́ ọn. Irú èyí kò sì mọ sí òkè òkun. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn, nínú ilé tí òbí ti fòfin de Yorùbá kí ọmọ lè tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbẹ̀rù tí ó wà nídìí òfin bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ètò náà jábọ̀ pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ ìyá àgbà sínú ètò náà. Ṣùgbọ́n èdè tí àwọn ọmọ gbé wá sí kíláàsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ibì kan ni wọ́n ti gbé e wá.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ohun tí ó wà níbẹ̀ lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè àlọ́ àpamọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí fóònù, kí ó wá fi pa olùkọ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Kí olùkọ́ má tètè mọ ìdáhùn. Ibẹ̀ ni kí ó dúró sí, nítorí pé olùkọ́ kì í ṣe òbí àgbà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ọkọ tàbí orogún, kò ní òfin ilé tí yóò dá a dúró, ayé yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ìyá àgbà bá kú lẹ́yìn tí ó ti gbó tí ó ti tọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń sunkún. Àwọn ọmọ-ọmọ ni ó ń jó. Wọ́n a máa da aṣọ tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n a máa tẹ̀ lé ìlù káàkiri ìlú, àwọn kan a sì máa fi ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú agbo, kò sì sí ẹni tí ó ń bá wọn wí. Bí a bá tún wá bí ọmọbìnrin sí ilé náà lẹ́yìn èyí, Yétúndé ni wọn yóò sọ ọ́, tàbí Ìyábọ̀. Bàbá ọmọ náà, ẹni tí kò bá ìyá rẹ̀ dá àpárá rí láti kékeré, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibi ẹní, yóò kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ náà pé, "Ẹ káàbọ̀, ìyá mi," yóò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mú owó ọbẹ̀ bọ̀.